Àǹtí Eucaris Nínú Ilé Wàrà

Ìròyìn ikú Àǹtí Eucaris pẹ́ ní odidi ọjọ́ kan kó tó dé etí Idaly. Àárọ̀ Sátidé ni ìyá náà kú, lẹ́yìn tó ti fún wàrà tán, tó sì ti bú màlúù kan tó tàpá sí korobá rẹ̀. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni ohùn tí Rubiel, ọmọ olóògbé, gbà sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú fóònù Idaly ní ìlú Medellín. Ohùn náà ń já, atẹ́gùn orí òkè sì ń lù ú pàpàpà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

"Ilẹ̀ ya lórí òkè, ó dí ọ̀nà, ó gbé òpó iná lọ, kò sí nẹ́tíwọ́kì. Mo gun òkè débi tí màlúù kì í dé kí n tó rí ibi tí mo ti ń pè yìí. Idaly, Màmá ti lọ. Láti àná ni. Sọ fún Dókítà pé a ti..."

Ibẹ̀ ló já sí.

Idaly jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún ohùn náà gbọ́, ó tún un gbọ́. A ti kí ni? A ti sin ín? A ti gbé e fún asìnkú kó gún un ní abẹ́rẹ́ fọ́máàlìn? Omijé kò tíì dé ojú rẹ̀ tí ìbéèrè yìí ti gba gbogbo àyà rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí Àǹtí Eucaris bá lè gbọ́ níbi tó wà, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Orí mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí i gbà?"

Nítorí orí yẹn kì í ṣe orí lásán.

Lórí àwọn òkè tí wọ́n ti bí Idaly, àwọn ìdílé kan wà tí àìsàn kan ti ń bá rìn láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ìgọ̀ ni àwọn ará òkè ń pè é. Ilé ìwòsàn ní orúkọ tó gùn ju ìyẹn lọ fún un. Ẹni tó bá jogún irúgbìn rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bó bá ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, iyè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò bí omi inú apẹ̀rẹ̀. Bó ṣe mú ìyá Idaly nìyẹn. Ó kọ́kọ́ ń fi iyọ̀ sí kọfí. Lẹ́yìn náà ó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pe màlúù. Nígbà tó yá, ó wo Idaly lójú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ dáadáa, ọmọ ta ni ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá yìí ni Àǹtí Eucaris. Irúgbìn kan náà wà lára òun náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn, wọ́n sì sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó pé ogójì, ó pé àádọ́ta, ó lé ní àádọ́rin, iyè rẹ̀ ń mú bí abẹ tuntun. Ó mọ orúkọ màlúù kọ̀ọ̀kan, ó mọ ti ìyá rẹ̀ àti ti ìyá ìyá rẹ̀, ó sì rántí gbogbo ẹni tó bú u láti kékeré. Àwọn olùwádìí ní nǹkan kan ń bẹ nínú ọpọlọ rẹ̀ tó ń gbèjà rẹ̀. Bí wọ́n bá lè rí nǹkan náà, bóyá wọ́n á lè ti ibẹ̀ rí oògùn fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n wọn kò lè rí i dájú àfi bí wọ́n bá gba ọpọlọ náà lọ́jọ́ tó bá kú. Ẹ̀rín ni ìyá náà fi gbà fún wọn. "Ẹ ó gbà á," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lò ó tán ná."

Àmọ́ ọpọlọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ̀mí bọ́ náà ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Bí ooru bá fi lè bá a mọ́jú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Idaly pe Dókítà Piedrahíta, obìnrin tó jẹ́ olórí ìwádìí náà, tó sì tún jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Àná?" ni Dókítà wí.

"Àárọ̀ àná, Mà."

Idaly gbọ́ bí Dókítà ṣe gbé ife kalẹ̀. "Ó ti bọ́, Idaly. A ò tíì gba èyí tó pẹ́ tó báyìí kó wúlò rí. Háà, Eucaris! Ó ti bọ́."

"Rubiel ní 'a ti', ohùn rẹ̀ wá já, Mà. Bóyá wọ́n ti ṣe nǹkan kan."

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe lórí òkè yẹn? Wọ́n ti sunkún, wọ́n sì ti pe asìnkú." Ó mí kanlẹ̀. "Múra, ká lọ kí wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ arepa àgbàdo nílé obìnrin yẹn. Wọn ò gbọdọ̀ sin ín lẹ́yìn mi."

Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé, Idaly ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwádìí, àpótí irinṣẹ́ funfun sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wilmar ló wa ọkọ̀ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Dókítà nídìí iṣẹ́ abẹ.

"Kí nìyẹn?" Dókítà béèrè.

"Àpótí ni, Mà."

"Mo rí i pé àpótí ni. Mo ní ká lọ kí àwọn ọlọ́fọ̀, mi ò ní ká lọ ṣiṣẹ́."

"Kò wúwo, Mà." Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Wilmar tẹjú mọ́ ọ̀nà bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀nà ń gun òkè, ìkùukùu sì ń bọ̀ wá pàdé wọn. Idaly fi orí ti fèrèsé. Láti kékeré ló ti máa ń rò pé ìkùukùu yìí ló ń kó iyè àwọn èèyàn òun lọ, pé bí èèyàn bá lè gùn ún dé òkè pátápátá, yóò bá gbogbo ohun tí ìyá òun gbàgbé níbẹ̀, tí wọ́n ká jọ bí aṣọ inú àpótí: orúkọ, orin, ọ̀nà ilé.

Ìyá yẹn náà ló sọ ọ́ di ẹni tó ń kọ́ni. Idaly fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kó lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti sùn, á tan fóònù, á máa gbọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn yunifásítì ń gbé sórí ayélujára: bí ọpọlọ ṣe ń rántí, ohun tí òbí ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ó gbọ́ ọ títí ó fi yé e, ó wá ń sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Dókítà bá a lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń fi màlúù àti ọmọ màlúù ṣàlàyé àjogúnbá fún àwọn ìyá àgbà, ó sì gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Látìgbà náà, Idaly ló ń gbé ẹ̀kọ́ kéékèèké sórí ayélujára fún àwọn ìdílé wọ̀nyí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, lórí gbogbo òkè yẹn, àwọn èèyàn á so fóònù kọ́ ìṣó nínú ilé màlúù, ohùn rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn á máa fún wàrà. Tíṣà ni wọ́n ń pè é.

"Idaly," ni Dókítà wí láìyíjú, "ọ̀la ni wọ́n ń parí ìforúkọsílẹ̀ oògùn tuntun yẹn."

"Mo mọ̀, Mà."

"Ẹni tí irúgbìn náà wà lára rẹ̀, tí iyè rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gbà kí á sọ èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún un. Ó pẹ́ tí tìẹ ti wà nílẹ̀. Èmi gan-an ò wò ó, mi ò sì ní wò ó àfi tí o bá ní kí n wò ó."

"Ṣé oògùn náà máa ṣiṣẹ́, Mà?"

"A ò tíì mọ̀. Ìdí tá a fi fẹ́ dán an wò nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èyí tá a fún àwọn tó ti ń gbàgbé ò ràn wọ́n lọ́wọ́. A pẹ́ kí á tó dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Ẹ jẹ́ ká sìnkú tán ná, Mà."

"O ti sọ pé tí Kérésì bá kọjá. O ti sọ pé tí òjò bá dá. Ó ti wá kan òkú báyìí."

Idaly tún fi orí ti fèrèsé. Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ohùn tó dúró ṣinṣin ló máa ń fi sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ èsì rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Bí wọ́n bá wá bi í pé, "Tíṣà, ìwọ ńkọ́?" á rẹ́rìn-ín, á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Lójú rẹ̀, èsì náà dà bí àlejò tó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, tí kò sọ̀rọ̀, tí kò jẹun, tó kàn ń dúró de ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn.

Níbi tí ilẹ̀ ti ya, katakata kan ń ha ẹrẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ kọjá lórí pákó, Wilmar sì ru àpótí náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ní òdìkejì, wọ́n rí ọkọ̀ tó ń kó wàrà, ó gbé wọn dé abúlé.

Ilé Àǹtí Eucaris wà ní títì. Kò sí àga níta, kò sí òdòdó, kò sí kọfí ọlọ́fọ̀ lórí iná. Idaly rò ó pé ó ti bọ́ lóòótọ́. Wọ́n ti sin ín. Ìgbà náà ni Doña Ligia, opó tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, yọrí láti ojú fèrèsé.

"Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ ò lè bá a nílé. Ilé wàrà ló wà."

"Kí ló ń ṣe nílé wàrà?" Dókítà béèrè.

"Ó ń tutù."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Doña Ligia ti jáde, ó ń wé ruana onírun àgùntàn rẹ̀ mọ́ra, ó ń ṣíwájú wọn lọ, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró. "Ẹ bi Tíṣà yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ló jẹ́ kí èmi àti òkìtì wàràkàṣì jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Wọ́n ní kí á kó wọn kúrò ní yàrá tútù, kí kálukú gbé tiẹ̀ lọ sílé. Ọkọ mi tó kú gan-an ò rùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn òun."

Ilé wàrà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé náà ti ń kó wàrà gbogbo wọn jọ kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Yàrá tútù wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, àwọn ìyá àgbà jókòó sórí agolo wàrà, wọ́n ń ka "Mo kí ọ, Màríà" mọ́ ariwo rẹ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu wọn. Rubiel dúró ti ilẹ̀kùn yàrá náà bí ọlọ́pàá, ọkùnrin gìrìwò, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Méjì méjì!" ló ń wí. "Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó sun ún síta. Èémí ẹkún ń mú yàrá gbóná." Ó rí wọn, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Dókítà! Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ má bínú, ohùn mi já. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé a ti gbé e sí tútù."

"Ta ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

Rubiel fi àgbọ̀n tọ́ka sí Idaly. "Tíṣà ni. Àbí ẹ̀yin ò gbọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ ni? Ó ní bí ẹnì kan bá kú tí ọ̀nà sì jìn, kí á ṣe é bí à ń ṣe wàrà òwúrọ̀: kí á tètè gbé e sí tútù, kí á má jẹ́ kó di yìnyín, kí á má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi nǹkan kan sí i. Ibí la máa ń gbé wàrà sí."

Idaly rántí ọjọ́ tó sọ ọ́. Mọ́ṣúárì ìlú ló ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ wàrà yẹn, kó lè dùn létí wọn ló fi fi kún un. Kò tilẹ̀ ro ilé wàrà rárá.

"Asìnkú ńkọ́?" Dókítà tún béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó wá, tòun ti ìgò fọ́máàlìn ẹ̀. Doña Ligia fi ìgbálẹ̀ lé e."

"Irọ́ ni. Ilẹ̀ ni mò ń gbá. Òun ló dúró síbi tí mò ń gbá."

Dókítà wo táńkì wàrà ńlá tó wà láàárín ilé. Òfìfo ni. "Wàrà yín ńkọ́?"

Rubiel ha orí. "Iná ò sí, Mà. Epo tá a kó jọ, títí kan èyí tá a fà nínú àwọn ọkọ̀ wa, ò lè gbé táńkì àti yàrá tútù pọ̀. A pe ìpàdé. Màmá ló borí."

"Gbogbo wàrà àná?"

"Àti ti òní. Ẹ wo àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wa bí ẹ bá ń jáde. Wọ́n ń yan bí ìyàwó gómìnà."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá tútù, ó wọlé, Idaly tẹ̀lé e.

Wọ́n tẹ́ Àǹtí Eucaris sórí pẹpẹ wàràkàṣì, ruana rẹ̀ bò ó dé àyà, wọ́n ti di irun rẹ̀ dáadáa. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń gbọ́ àwàdà, tó ń dúró kó parí kó tó bú sẹ́rìn-ín. Dókítà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wo tẹmómítà ara ògiri, ó tún un wò. Kò tutù jù, kò gbóná. Ìtutù tó yẹ wàrà gan-an ni.

"Ìgbà wo lẹ gbé e wọ ibí, Rubiel?"

"Kọfí tó gbé ka iná ò tíì hó, Mà," Rubiel dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Inú ilé màlúù ló ṣubú sí, ẹ̀yìn ibí yìí náà ni. Mo gbé e, mò ń sunkún, mò ń sáré. Àtìgbà yẹn la ti ń pààrọ̀ ara wa ṣọ́ tẹmómítà."

Dókítà ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbóhùn sókè. "Wilmar, wo bí o ṣe máa rí àpótí yẹn gbé wá."

"Ó ti wà ní ẹnu ọ̀nà, Mà."

Dókítà yíjú sí Idaly. "Kò wúwo, àbí?"

"Kò wúwo, Mà."

Wọ́n kó àwọn ìyá àgbà síta, Dókítà àti Wilmar sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìkùukùu. Idaly àti Rubiel jókòó sórí agolo wàrà níta, wọ́n di ife aguapanela, omi ìrèké gbígbóná, mú. Lójú àgbàlá, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹnu wọn funfun ń sùn bí ẹni tó ti jẹun ọdún.

"Bí kò bá wá ṣeé lò ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" Idaly béèrè. "Gbogbo wàrà yìí."

"Kò ní ṣeé lò náà nìyẹn. Ṣé ó yẹ ká kọ́kọ́ jókòó kí ó dá wa lójú ni? Tá a bá jókòó, á ti bàjẹ́." Ó mu nínú ife rẹ̀. "Mo ti lọ gba tèmi o."

"Kí ni?"

"Èsì. Nígbà tí o ṣe ẹ̀kọ́ yẹn, ti mímọ̀ àti àìmọ̀. Ìdí màlúù ni mo wà tí mo ń gbọ́ ọ. Mo ní, ó dáa, màá lọ. Ó wà lára mi, Idaly."

Idaly gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Má wò mí báyẹn. Mo sọ fún Màmá. Ó wò mí, ó ní, 'Ó wà lára èmi náà. Wá bá mi di okùn màlúù yìí mú.' Ohun tó sọ nìyẹn, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo di okùn mú. Mo ti wọ inú àwọn tí wọ́n fẹ́ fún lóògùn, Wẹ́sìdeè ni wọ́n máa kọ́kọ́ gún mi lábẹ́rẹ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"O ò bi mí. Mo rò pé ìwọ ti mọ tìẹ, ìwọ tó ń kọ́ wa. Èwo ni wọ́n sọ fún ọ?"

Idaly mi orí pé kò sí. Rubiel wò ó títí, ó wá rọra rẹ́rìn-ín nínú ọ̀fọ̀ rẹ̀.

"Háà, Tíṣà! O ta wàrà fún gbogbo abúlé, ìwọ ò tọ́ ọ wò."

"Ẹ̀rù ń bà mí ni."

"Ẹ̀rù ba èmi náà, ọmọ ìyá mi. Ẹ̀rù ò ní kí wàrà má kan." Ó dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ ara ṣòkòtò rẹ̀. "Kì í sì í ṣe dandan o. Ìwọ náà lo sọ ọ́: ẹ̀tọ́ ni."

Ó lọ wo jẹnẹrétọ̀. Idaly jókòó níbẹ̀. Ó ro àwọn èèyàn wọ̀nyí tí wọ́n da wàrà ọjọ́ méjì nù nítorí gbólóhùn kan tí òun sọ kó lè dùn létí. Wọn kò mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn tètè gbé e sí tútù ni. Ó ro àlejò inú yàrá ẹ̀yìn, ó sì yà á lẹ́nu pé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wu òun láti wo ojú rẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń fẹ́ wo ojú ẹni tó ti ń jókòó sílé òun láti ọjọ́ pípẹ́, kó sì bi í pé kí ló wá ṣe.

Ilẹ̀kùn ṣí. Wilmar gbé àpótí jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Lẹ́yìn rẹ̀, Dókítà jáde, ó lọ fọ ọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti ń fọ agolo. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa ju bí mo ṣe rò lọ. A ò tíì mọ ohun tá a máa rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní pípé, a sì lè wá a. Ẹ ṣeun. Gbogbo yín."

Rubiel bo ojú rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ṣe àmì àgbélébùú. Doña Ligia nu imú, ó ní, "Ó wá kù síbì kan. Ṣé a lè kó wàràkàṣì padà?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ẹ kọ́kọ́ fọ yàrá yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àní Rubiel pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Idaly ti dìde. Ó rìn lọ bá Dókítà nídìí ẹ̀rọ omi, ó fún un ní aṣọ ìnuwọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èsì mi jáde lọ́la, kí wọ́n tó parí ìforúkọsílẹ̀."

Dókítà ń nu ọwọ́, ó ń wò ó. "Ṣé kì í ṣe ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ mi? Tó bá jẹ́ pé nítorí Eucaris ni, o lè fara balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ."

"Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, Mà. Tó bá wà lára mi, ẹ kọ orúkọ mi tẹ̀lé ti Rubiel. Tí kò bá sí, màá sọ ìyẹn náà fún wọn, màá sì máa bá ẹ̀kọ́ mi lọ. Ìròyìn tó pẹ́ lọ́jọ́ kan, èyí tó dé láàárọ̀ yìí ti tó mi. Mo fẹ́ mọ̀."